Kòrónà Kì í Ṣe Àrùn Èémí Nìkan: Ohun Tó Ń Ṣe sí Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Inú Awọ Ara Wa

   Ọ̀rọ̀ ìlera la fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, nítorí àwọn àgbà ní ìlera lọrọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá kò lè nájà, kò sì lè dá owó.

Àrùn kòrónà, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní COVID-19, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. A mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Kòrónà kẹ̀? Ṣé ìyẹn ò ti lọ ni?" Lóòótọ́, ariwo rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ti wọ Nàìjíríà, lára ọkùnrin ará Ítálì kan tó gúnlẹ̀ sí Èkó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún náà, ìjọba ti ní kí oníkálukú jókòó sílé rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Kò sí oníṣòwò tó máa gbàgbé bí ọjà ṣe dá páropáro. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà kì í ṣe pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé kòkòrò rẹ̀ ti kú o. Ó ṣì wà láàárín wa, ó ṣì ń mú èèyàn.

Ohun tó jẹ́ ká tún mú un sọ ni pé apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ nígbà tí ariwo pọ̀. Gbogbo wa ló gbọ́ pé ibà, ikọ́, àìlèmí dáadáa àti àìgbóòórùn ni àmì rẹ̀, pé ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Àmọ́ kòrónà tún ń bá iṣan ẹ̀jẹ̀ jà, ibi tí a sì ti lè fi ojú lásán rí àpá ìjà náà ni awọ ara. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an, nítorí pé àmì tí aláwọ̀ funfun ń rí lára tirẹ̀ kò rí bákan náà lára tiwa.

BÍ Ẹ̀JẸ̀ ṢE Ń RÌN NÍNÚ AWỌ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí awọ ṣe rí. Ìpele awọ tó wà lókè pátápátá, èyí tí à ń fọwọ́ kàn, kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú. Ìdí nìyẹn tí nǹkan fi lè ha èèyàn lára díẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò ní jáde. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn iṣan wà, tí wọ́n ta kọ́ra bí àwọ̀n apẹja. Àwọn tó kéré jù nínú wọn tóóró débi pé ńṣe ni hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lè kọjá, bí èrò tó ń gba ẹnu géètì tóóró wọ ọjà. Bí oòrùn bá mú wa, àwọn iṣan yìí á ṣí sílẹ̀ kí ooru lè jáde. Bí ọyẹ́ bá dé, wọ́n á fún mọ́ra kí ooru má bàa tán lára.

Inú iṣan kọ̀ọ̀kan ní awọ fẹ́lẹ́ kan tó tẹ́ ẹ, tó ń dán. Ẹ fi í wé abọ́ tánganran. Níwọ̀n ìgbà tí inú abọ́ náà bá ṣì ń dán, ọbẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́, ó ti mọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá já lulẹ̀ tí tánganran rẹ̀ bó, ibẹ̀ ni á ti dípẹtà, ibẹ̀ náà ni ìdọ̀tí á ti máa lẹ̀. Bí awọ inú iṣan ṣe rí gan-an nìyẹn. Bó bá ń dán, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn láìdúró. Bó bá bó níbì kan, ẹ̀jẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, á sì dì.

OHUN TÍ KÒRÓNÀ Ń ṢE

Imú tàbí ẹnu ni kòkòrò kòrónà ń gbà wọlé. Ó ní ẹ̀gún lára bí ẹ̀gún tó yí igi ọ̀pẹ ká, ẹ̀gún yìí ló sì fi ń ṣílẹ̀kùn kan báyìí tó wà lára ẹ̀yà ara wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ACE2. Ilẹ̀kùn yìí wà nínú imú, ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó tún wà ní àwọn ibòmíràn nínú ara.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, àwọn dókítà ní ìlú Zurich ní ilẹ̀ Switzerland kéde ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀yà ara aláìsàn 3. Awọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn ti wú, ó ti bàjẹ́, kì í sì í ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró nìkan. Wọ́n rí i nínú ọkàn, wọ́n rí i nínú kíndìnrín, wọ́n rí i nínú ìfun. Látìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn. Àwọn kan ní kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ló ń wọ inú awọ iṣan lọ bà á jẹ́. Àwọn mìíràn, wọ́n sì pọ̀, ní àwọn ọmọ ogun ara wa tó ń lé kòkòrò náà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìbàjẹ́ ọ̀hún. Ẹ wo bí ọlọ́pàá ṣe máa ń lé olè wọ inú ọjà: kí wọ́n tó mú un, wọ́n á ti da igbá elépo, wọ́n á ti tẹ ata aláta mọ́lẹ̀. Olè ló fà á, àmọ́ ọlọ́pàá ló tẹ ata.

Èyí tó wù kó jẹ́, ibì kan náà ló ń já sí. Awọ iṣan á bó. Àwọn hóró kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dí ojú ọgbẹ́ á sáré débẹ̀, wọ́n á rò pé ọgbẹ́ ni, ẹ̀jẹ̀ á sì dì nínú iṣan. Bí iṣan bá dí, awọ tó wà níwájú ibẹ̀ kò ní rí ẹ̀jẹ̀ mọ́; á ṣú, bó bá sì pẹ́, á kú. Nígbà mìíràn, ògiri iṣan á máa jò, ẹ̀jẹ̀ á sì rọ́ jáde sábẹ́ awọ.

OHUN TÍ ÀWỌN DÓKÍTÀ FOJÚ RÍ

Ilẹ̀ Ítálì wà lára ibi tí àrùn yìí ti kọ́kọ́ jà gan-an ní Yúróòpù. Ní ìlú Lecco, dókítà awọ ara kan tó ń jẹ́ Sebastiano Recalcati ṣàkíyèsí àwọn aláìsàn 88 tó wà ní ọsibítù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Nínú wọn, 18 ni nǹkan yọ sí lára. Àwọn 8 rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, àwọn 10 yòókù rí i lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà wọ́n sí ọsibítù. Àyà àti ẹ̀yìn ló pọ̀ sí jù.

Lẹ́yìn èyí, àwọn dókítà awọ ara ní Sípéènì kó àwọn aláìsàn 375 jọ, wọ́n sì pín ohun tí wọ́n rí sí ọ̀nà 5. Bí a bá fi 100 ṣírò rẹ̀, báyìí ló ṣe lọ:

Àwọn 47, ara wọn pọ́n, ó sì sú wínníwínní.
Àwọn 19, ọmọ ìka ẹsẹ̀ tàbí ti ọwọ́ wọn wú, ó yí àwọ̀ padà, ó ń dùn wọ́n.
Àwọn 19 mìíràn, ara wọn wú lójú-lójú, ó ń yún wọn.
Àwọn 9, ìléròrò kéékèèké tó lómi nínú ló yọ sí wọn lára.
Àwọn 6 tó kù, awọ wọn ya bí àwọ̀n, tàbí kó dúdú kó máa kú.

Ẹ jọ̀wọ́, àwọn 6 tó gbẹ̀yìn yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn. Àgbàlagbà ló pọ̀ nínú wọn, àwọn ni àìsàn náà sì le sí jù. Àwòrán bí àwọ̀n tó hàn lára wọn kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Iṣan inú awọ tí a sọ pé ó ta kọ́ra bí àwọ̀n ló ń fi ara rẹ̀ hàn yẹn, torí pé ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà nínú rẹ̀ mọ́.

Ní New York, dókítà Cynthia Magro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ aláìsàn 5 wò tí àrùn náà ti wọ̀ lára. Àwọn 3 nínú wọn ní àpá elésè àlùkò lára. Nígbà tí wọ́n gé bíńtín lára awọ náà, tí wọ́n fi ẹ̀rọ asọhun-kékeré-di-ńlá wò ó, wọ́n rí iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé wọ́n tún mú lára awọ tí kò ní àpá kankan, tó ń dán bó ṣe yẹ. Wọ́n rí àmì ìjà nínú iṣan ibẹ̀ náà. Ìyẹn ni pé àpá tí ojú ń rí, díẹ̀ ni nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín jù. Ohun tó sú wínníwínní yẹn, fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe gbogbo ohun tó yọ síni lára náà ni kòrónà. Ooru ń fà á, ọṣẹ ń fà á, oògùn náà ń fà á.

Ọ̀RỌ̀ ỌMỌ ÌKA ẸSẸ̀

Ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn ti wú, ó ti di elésè àlùkò, ó ń yún wọn, ó ń ta wọ́n. Ó jọ ohun tí àwọn Òyìnbó ń pè ní chilblains, tí òtútù máa ń fà, tí àwọn ènìyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ dáadáa. Kíá ni wọ́n fún un lórúkọ: ìka ẹsẹ̀ kòrónà.

Ohun tó rú àwọn dókítà lójú ni pé ara ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ yìí le koko. Bí wọ́n bá yẹ imú wọn wò, wọn kì í sábà rí kòrónà níbẹ̀. Ní ọsibítù Saint-Louis ní Páríìsì, wọ́n yẹ 50 nínú irú wọn wò, wọ́n sì gbé àlàyé jáde ní ọdún 2021. Wọ́n ní ara àwọn ọ̀dọ́ yìí máa ń tètè pariwo ogun ni. Ariwo náà lágbára débi pé ó lé kòkòrò lọ kó tó rídìí jókòó, àmọ́ ó pa iṣan tóóró inú ọmọ ìka lára. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní jíjókòó sílé láìwọ bàtà nínú òtútù ló fà á. Àríyànjiyàn yẹn kò tíì tán. Ohun tí tọ̀tún tòsì gbà ni pé ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ síra. Ìka ẹsẹ̀ ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le ṣú, kò sí ewu ńlá níbẹ̀. Awọ àgbàlagbà tó ń mí gúlegúle ya bí àwọ̀n, ewu ńlá ni. Àwọ̀ lè jọra, kí ìtumọ̀ má jọra.

Ẹ ṢỌ́ ÀWỌN ỌMỌDÉ

Kòrónà kì í sábà ṣe ọmọdé ní nǹkan ńlá. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2020, àwọn dókítà ní Ítálì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ohun tuntun kan. Ní Bergamo, ọmọ 10 ló ní àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀ kan láàárín oṣù méjì péré, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ 19 ni wọ́n rí irú rẹ̀ lára wọn ní ọdún márùn-ún ṣáájú ìgbà náà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 lẹ́yìn tí kòrónà bá ti lọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà lè má ti ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ rárá. Ibà á mú un fún ọjọ́ mélòó kan láìlọ, ojú rẹ̀ á pọ́n, ètè rẹ̀ á gbẹ, á sì sán, nǹkan á sú sí i lára, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wú, inú á máa run ún. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn lè wú bákan náà.

Ní Páríìsì, nínú ọmọ 21 tí wọ́n tọ́jú irú rẹ̀ fún, àwọn 12 jẹ́ ọmọ tí ìran wọn wá láti ilẹ̀ Áfíríkà. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti ìyá àgbà, ibà tó bá lé ní ọjọ́ 3 lára ọmọ, tí ojú pọ́n, tí ara sú, ẹ má kàn pè é ní ibà lásán kí ẹ máa po àgbo fún un. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ. Bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n, oògùn wà tó ń kápá rẹ̀.

NÍBO NI FÓTÒ TIWA WÀ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ gan-an la dé yìí. Gbogbo fótò tí àwọn dókítà ń fi ránṣẹ́ síra wọn nígbà náà kí wọ́n lè dá àmì náà mọ̀, ara ta ni wọ́n ti yà á? Dókítà awọ ara kan ní San Francisco, Jenna Lester, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó kà wọ́n. Fótò 130 ni. Nínú rẹ̀, 120 jẹ́ ti àwọn tí awọ wọn funfun tàbí tó mọ́lẹ̀. Ti àwọn tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú jẹ́ 7. Ti aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, òdo ni. Kò sí ẹyọ kan.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún wa? Òyìnbó á sọ pé, "Bí ara bá pọ́n, ẹ sáré wá." Ṣé ara wa máa ń pọ́n bẹ́ẹ̀ ni? Ibi tí ara Òyìnbó ti pọ́n bí ata, ara tiwa á kàn dúdú sí i ni, tàbí kó rí bí ẹni ta aró sí i, tàbí kó ṣì bí eérú. Ẹni tó ń wá pupa nìkan kò ní rí nǹkan kan, á sì sọ pé kò sí.

Ẹ̀rọ pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí ẹ̀rọ kékeré tí nọ́ọ̀sì máa ń fi há ọmọ ìka láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ tó. Iná ló ń tàn gba awọ kọjá sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, dúdú ara wa sì lè ṣì í lọ́nà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà ní Michigan ní Amẹ́ríkà fi ohun tí ẹ̀rọ náà sọ wé èyí tí wọ́n wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an. Nínú ìgbà 100 tí ẹ̀rọ sọ pé ọ́síjìn kò burú, nǹkan bí ìgbà 12 ló tàn wọ́n lára aláwọ̀ dúdú, pé ọ́síjìn náà ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lára aláwọ̀ funfun, nǹkan bí ìgbà 4 ni. Oníṣòwò ló mọ ohun tí òṣùwọ̀n èké ń fà. Èyí kì í ṣe òṣùwọ̀n gàrí, òṣùwọ̀n ẹ̀mí ni. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá sọ pé kò sí nǹkan, tí aláìsàn sì ń sọ pé òun kò lè mí, ẹ gba aláìsàn gbọ́.

KÍ LÓ YẸ KÁ ṢE?

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn bí ibà, ikọ́ tàbí àárẹ̀ bá mú ẹnikẹ́ni nínú ilé:

1. Ẹ wo ibi tí ara wa ti mọ́lẹ̀: àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, inú ètè, abẹ́ ìpéǹpéjú àti ìdí èékánná. Ojúmọ́mọ ni kí ẹ wò ó, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ àtùpà.

2. Ẹ fi ọwọ́ bá ojú ṣiṣẹ́. Bí pupa kò bá hàn, gbígbóná, wíwú àti ìrora á hàn. Ẹ fi apá kan ara wé apá kejì.

3. Ẹ fi gíláàsì ìmumi tó mọ́ gaara tẹ ojú àpá náà. Bó bá parẹ́ lábẹ́ gíláàsì, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú iṣan. Bí kò bá parẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti jò sábẹ́ awọ nìyẹn. Bí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la, nítorí kì í ṣe kòrónà nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Yínrùnyínrùn náà ń ṣe é, kì í sì í fúnni láyè.

4. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú láti orúnkún sísàlẹ̀, tó gbóná, tó ń dunni. Bí èémí bá gé lójijì. Bí apá kan ara bá rọ. Bí awọ bá dúdú bí àwọ̀n: ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbì kan.

5. Ẹ lè fi òrí tàbí àdí pa ibi tó bá ń yún yín. Àmọ́ kò sí ìpara tó lè la iṣan tó ti dí. Ẹ má sì dá aspirin tàbí oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn lò láti ọwọ́ olóògùn inú ọjà. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú lè fi irú rẹ̀ dá ẹ̀jẹ̀ sínú ara rẹ̀. Dókítà ní oògùn tó yẹ fún un ní ọsibítù, àti òṣùwọ̀n rẹ̀.

6. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má fi oògùn yín ṣeré. Àwọn àrùn méjèèjì yìí ti ń ha tánganran inú iṣan tipẹ́. Bí kòrónà bá wá bá a bẹ́ẹ̀, á rí ibi dì mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sídìí ọjà látàárọ̀ dalẹ́, ẹ máa dìde rìn díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn.

7. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn èèyàn ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2021, kì í ṣe pé ó ní kí àrùn má wọlé mọ́ rárá. Ohun tó ń ṣe jù ni pé kì í jẹ́ kó le dójú ikú. Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì àdúgbò yín bóyá ó ṣì kàn yín.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má kàn sọ pé ara ń dùn yín. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín hàn án, ẹ sọ ọjọ́ tí àpá náà bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ bí àwọ̀ ara yín ṣe máa ń rí nígbà tí ara yín bá dá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, kò sí fótò tó lè mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Ẹ ka ìwé yìí sétígbọ̀ọ́ àwọn tí kò lè kàwé nínú ilé àti ní ìsọ̀ yín, kí gbogbo wa lè jọ mọ̀ ọ́n.

Ọjà á máa tà, ara á sì máa le. Àṣẹ.